Ta Ló Ń Po Irú Aró Yìí?

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni mo kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìwé mi. Ìwé nótì mẹ́rin tó nípọn ló gbà, ojú-ìwé 212, bírò ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Ìtàn ìyá mi ni, àti ti ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì tí wọ́n fi iṣẹ́ aró jẹun ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Láti oṣù kìíní ni mo ti ń kọ ọ́, ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, kí n tó múra iṣẹ́ olùkọ́ tí mò ń ṣe ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo fi bírò lélẹ̀ lọ́jọ́ náà, omi bọ́ lójú mi. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Nínú ìsinmi Kérésì, mo gbé ìwé náà lọ bá ìyá mi. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà. Ojú wọn kò gbé ìwé kíkà mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì mú ṣáṣá. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní ẹ̀yìnkùlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Orí kìíní, wọn ò sọ nǹkan kan. Orí kejì, wọ́n ń bó ẹ̀pà. Orí kẹta ni mo ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń po aró, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà. Mo kà á dé ìdí ìkòkò, wọ́n ní kí n dúró.

"Ta ló ń po irú aró yìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, màámi."

"Èmi kọ́. Ìyá mi náà kọ́. O da omi eérú sínú ìkòkò, o tún wá da kọ́síìkì lé e? Kí ni aṣọ yẹn fẹ́ dà?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà ayé ìyá àgbà, ewé èlú ni wọ́n ń gún, wọn a ṣù ú, wọn a sá a kó gbẹ. Omi eérú ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Ìkòkò méjì ni wọ́n ń gbé léra wọn, wọ́n ti dá ìdí ti òkè lu, eérú wà nínú rẹ̀, omi tí wọ́n bá bù lé e á máa kán sínú ti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìgbà ìyá mi, aró oníyẹ̀fun tó ń wọlé láti òkè òkun ti gba ọjà, kọ́síìkì sódà sì ti gbapò lọ́wọ́ eérú. Mo ti ń gbọ́ ìtàn ọ̀nà méjèèjì láti kékeré, mo sì ti da méjèèjì pọ̀ sínú ìkòkò kan ṣoṣo. Ojú-ìwé mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Ojú-ìwé wọ̀nyẹn dùn ún kà. Kò sí aláró kankan láyé tó lè fi wọ́n pa aṣọ láró.

Kò tán síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé aṣọ jáde nínú ìkòkò, ó dúdú bí òru. Ìyá mi mi orí. Wọ́n ní, "Bí ewé ló ṣe ń jáde. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró." Èyí dùn mí ju ti ìkòkò lọ, torí pé ojú mi rí i nígbà èwe mi, kò ṣeé kà. Aṣọ á jáde, á tutù yọ̀yọ̀, á rí bí ewé tútù, wọn a nà án sórí okùn, kó tó pẹ́, níṣojú ẹni, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú wá láti etí. Wọn a tún rì í, wọn a tún nà án, ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́. Mo mọ èyí. Kí ló dé tí ọwọ́ mi fi kọ "dúdú bí òru"? Torí pé "dúdú bí òru" ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó ń ronú kó tó sọ ọ́.

Mo kó ìwé nótì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí Ìbàdàn, mo tì wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n títí di oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí wọ́n ti ilé-ìwé pa, tí mi ò ní ibòmíràn tí mo lè lọ.

Lọ́jọ́ tí mo tún fa ìwé náà jáde, ìdọ̀tí ni ojú mi kọ́kọ́ rí. Mo kọ "wipe" níbì kan, "wí pé" níbòmíràn. Mo kọ "aiye" bó ṣe wà nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí mo fi mọ̀wé kà, mo sì tún kọ "ayé" bí àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ṣe ní ká máa kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò ní àmì ohùn lórí rárá, torí pé ọwọ́ mi ń sáré lé èrò mi ni. Mo sọ fún ara mi pé ibi tí ìṣòro ìwé yìí wà nìyẹn. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń fi àmì sí i. Oṣù mẹ́ta gbáko.

Gbogbo ẹni tó bá ń kọ Yorùbá tó sì ń gbọ́ mi, mo fi tọkàntọkàn bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe yìí. Nígbà tí ìwé náà parí lóòótọ́, orí méje ni mo ti yọ kúrò nínú rẹ̀, márùn-ún nínú wọn sì ti ní àmì ohùn tó pé pérépéré. Mo ti fọ aṣọ tí mi ò ní wọ̀. Mo lọ̀ ọ́, mo ká a.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ o, bí mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà náà. Gbólóhùn kan wà lójú-ìwé 88: "O duro ti aro." Mo fẹ́ fi àmì sí i, ọwọ́ mi dúró. Ṣé ìdí àrò ni ìyá àgbà dúró sí, níbi tí oúnjẹ wà lórí iná, àbí ìdí aró? Mo ka gbólóhùn tó ṣáájú, mo ka èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò rí ìdáhùn. Èmi tí mo kọ ọ́ kò mọ ibi tí mo gbé ẹni tí mò ń kọ ìtàn rẹ̀ dúró sí. Nínú gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn, ìbéèrè yìí ló níye lórí jù, mi ò sì dá a lóhùn. Mo fi àmì tó wù mí sí i, mo kọjá.

Ẹni tó là mí lójú ni bàbá kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi ka ohun tí mo tẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a padà ní oṣù kẹsàn-án, wọn kò tún àmì kankan ṣe, wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Bírò pupa ni wọ́n mú, wọ́n fi fa ìlà sábẹ́ gbogbo òwe tó wà nínú ìwé náà. Mo kà wọ́n: 163.

"Ìyá Ìbejì," wọ́n ní, "òwe yín dára. Ẹ kàn wo ibi tí wọ́n ti pọ̀ jù."

Mo délé, mo tẹ́ gbogbo ojú-ìwé náà sílẹ̀ ní pálọ̀, mo ń rìn láàárín wọn pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì nítorí pé iná ti lọ. Nínú ojú-ìwé ọgbọ̀n tí mo fi sọ nípa ilé tí wọ́n bí mi sí, òwe méjì péré ló wà. Mo mọ ilé yẹn. Mo mọ ilẹ̀kùn tó ń ké, mo mọ igun tí ewúrẹ́ máa ń sùn sí, mi ò nílò òwe níbẹ̀. Ní ojú-ìwé kan ṣoṣo tó dá lórí bí ìyá àgbà ṣe kọ ọkọ àkọ́kọ́, òwe mọ́kànlá. Mi ò mọ orúkọ ọkọ náà. Mi ò mọ ọdún tó ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó dá owó orí padà. Gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti lu lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni mo ti fi òwe bo ojú ihò náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí àtúnkọ jẹ́ fún mi. Ó pẹ́ tí mo ti rò pé ká fi èdè tó rẹwà rọ́pò èyí tí kò rẹwà ni. Ibi tí èdè mi rẹwà jù gan-an ni irọ́ wà. Mo ra ìwé nótì tuntun, mo kọ "Mi ò mọ̀" sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ìwé kìíní ìwé mi, mo ń kọ gbogbo ohun tí mi ò mọ̀ sílẹ̀. Ta ló kọ́ ìyá àgbà níṣẹ́? Eérú igi wo? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé aró ti gbó? Ìdí àrò ni àbí ìdí aró? Ìbéèrè 41 ni gbogbo wọn. Ní oṣù kejìlá mo gbé e lọ sí Abẹ́òkúta, mo fi fóònù gba ohùn ìyá mi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà.

Inú ìbéèrè kan lo ti ń bá òmíràn pàdé. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi pa èlú tì. Mo rò pé wọ́n á sọ pé ọ̀làjú ni. Wọ́n ní ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kọ́síìkì ń ṣe kíákíá, àti pé ìyá àgbà ti ń pa aṣọ láró nígbà tí ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Mo wá ìjà náà lọ sínú ìwé ìtàn, mo sì rí i. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn oníbàárà ń ráhùn pé kọ́síìkì ń ba aṣọ jẹ́, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fòfin dè é. Ní 1936 àwọn aláró Abẹ́òkúta dìde, wọ́n ní wọn ò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì le débi tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ń ta àdìrẹ kò bẹ̀rù ọba. Èmi tí mo kọ ojú-ìwé 212 nípa aláró, mi ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí.

Mo bi ìyá mi pé àwọn fúnra wọn, ẹ̀gbẹ́ ta ni wọ́n wà. Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Kọ́síìkì ń jẹ ọwọ́. Tó bá pọ̀ jù, ó ń jẹ aṣọ. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ẹ lọ sílé-ìwé."

Ojú-ìwé mẹ́sàn-án tí mo fi po aró tí kò sí, ojú-ìwé mẹ́rin ló dà, gbólóhùn yẹn ló sì parí wọn. Ìdí aró sì ni ìyá àgbà dúró sí. Wọ́n ń tọ́ omi rẹ̀ wò lẹ́nu, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti kan.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ nìyẹn, tí mo rò pé ọwọ́ mi ti ba ọ̀nà. Ní oṣù kejì ọdún 2021, iná mànàmáná dé lóru, ó wọlé pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì jó kọ̀ǹpútà mi. Orí kẹta títí dé orí kẹfà tí mo ti tún kọ, ojú-ìwé 61, inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n wà. Oníṣẹ́ tó tú u wò sọ pé kò sí ohun tó ṣeé yọ nínú rẹ̀. Ohùn ìyá mi ṣì wà lórí fóònù, Ọlọ́run ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, mi ò kọ ọ̀rọ̀ kan.

Àjàyí Crowther ni mo ń rántí ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ní ọdún 1862 iná jó ilé wọn ní Èkó. Àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí wọ́n ti fi ọdún mọ́kànlá kó jọ, látìgbà tí wọ́n ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ wọn jáde kẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ jó. Kò sí ẹ̀rọ tó tọ́jú rẹ̀ sí ibì kankan. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n ṣì padà sídìí iṣẹ́ èdè náà, ní 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde. Mo máa ń rò ó pé báwo ni àárọ̀ ọjọ́ kejì iná yẹn ṣe rí. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ?

Àwọn èèyàn a máa tu èèyàn nínú pé ohun téèyàn tún kọ lẹ́yìn àdánù máa ń dára ju ti ìṣáájú lọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn gbólóhùn kan wà nínú ojú-ìwé 61 yẹn tí mi ò rí mọ́ títí di òní, mo sì mọ̀ pé wọ́n dára. Mo tún un kọ torí pé ìyá mi ti sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n, mi ò lè jẹ́ kí ìyẹn ṣòfò. Láti ìgbà náà, ní alaalẹ́, mo ń fi iṣẹ́ ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní òpin oṣù.

Orí karùn-ún nìkan ló kọ̀ tí kò gbọ́ràn. Orí náà dá lórí ìgbà tí mo wà nílé-ìwé girama, ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, láti ọdún 1980. Nínú àkọ́kọ́, ojú-ìwé tó sọ nípa ọjọ́ àbẹ̀wò ní òwe mẹ́sàn-án, gbogbo wọn lórí oore ìyá. Mo mú ìwé "Mi ò mọ̀" mi, mo wá ìbéèrè tí mo lè kọ sí i, mi ò rí ọ̀kan. Kò sí ohun tí mi ò mọ̀ níbẹ̀. Ìgbà méje ni mo tún un kọ. Mo yọ àwọn òwe náà, ó gbẹ. Mo dá mẹ́ta padà, ó ń dún bí ìwàásù. Mo gbé e sẹ́yìn orí kẹfà, mo tún gbé e padà. Odidi ọdún 2021 ló lọ sórí ojú-ìwé mẹ́fà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní 2022 ni mo kọ ọ́ ní ìgbà kẹjọ, mi ò sì jókòó pẹ́. Mo kọ ọ́ pé: mo máa ń sáré lọ pàdé ìyá mi lẹ́nu géètì lọ́jọ́ àbẹ̀wò, mo máa ń gba àpò lọ́wọ́ wọn, mo sì máa ń fà wọ́n lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níta, torí pé mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yòókù rí ọwọ́ wọn. Aró ti wọ ọwọ́ méjèèjì dé ọrùn-ọwọ́, ó wà lábẹ́ èékánná, ó wà nínú àwọn ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ yẹn ló san owó ilé-ìwé mi.

Ohun tí mo ti ń fi òwe pamọ́ nìyẹn, àní fún ara mi. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ojú-ìwé mẹ́fà ti di méjì.

Ó kù kí n kà á fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wá ìdí tí mi ò fi ní lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo lọ, orí àpótí kan náà ni mo jókòó sí. Mo kà á, ohùn mi ń gbọ̀n, mi ò gbé ojú sókè títí mo fi dé ìparí.

Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí.

Mi ò lè sọ̀rọ̀.

"Àwọn tíṣà yín a máa yìn ọ́ fún mi. Wọ́n á ní ọmọ yìí mà fẹ́ràn ìyá rẹ̀ o, ẹ wo bó ṣe ń sáré. Mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn." Wọ́n tún dákẹ́. "Ọjọ́ kan wà tí mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ ní gbogbo òru kí n tó wá bá ọ. Kò lọ. Fi ìyẹn sí i."

Mo nu ojú mi, mo wá bírò nínú báàgì. Mo bi wọ́n pé ọsàn mélòó ni.

Wọ́n ní mẹ́fà.